Olùkọ́ Ìṣirò àti Ojú Ìwé Tí Kò Ní Àbùkù

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìṣirò. Ó mọ iṣẹ́ náà. Kì í fi ìbéèrè kan sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti yẹ ìdáhùn rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìlà tí ó fà sójú pátákó bá wọ́ díẹ̀, yóò nù ún, yóò tún un fà. Àwọn ènìyàn bọ̀wọ̀ fún un nítorí èyí, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ kan lé e lọ́wọ́ tí kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ mọ́.

Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, sòbìà ń dá àwọn ará abúlé méje tí ó yí ìlú wọn ká lóró. Inú omi mímu ni aràn náà ti ń wọ ara. Bí ọdún kan bá ti ń lọ sópin, yóò yọ jáde láti ẹsẹ̀ ènìyàn, olúwarẹ̀ kò sì ní lè lọ sóko fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Obìnrin kan, òṣìṣẹ́ ìlera, ni ó rìn láti abúlé dé abúlé, tí ó ń pín aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, tí ó sì ń kọ́ wọn pé ẹni tí sòbìà ń yọ lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ odò. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Alásẹ́. Láàárín ọdún mẹ́fà, sòbìà tán ní abúlé méjèèje.

Ṣùgbọ́n kò tán wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní abúlé kẹfà, tí wọ́n ń pè ní Abà Arère, àìsàn náà lọ, ó tún padà. Ènìyàn mẹ́tàlélógún ni ó mú ní ọdún kan ṣoṣo. Ó hàn gbangba pé ẹnìkan tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ti wọ inú odò. Àwọn ará abúlé ní ọdẹ kan tí ń jẹ́ Ọdẹ́jìnmí ni. Wọ́n lé e lọ, ìdálẹ̀ ni ó sì kú sí. Láti ìgbà náà, ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń tún etí odò ṣe lọ́dọọdún, àgbà abúlé a máa dìde, a sì máa wí fún àwọn ọmọdé pé, “Ẹ má ṣe bí Ọdẹ́jìnmí, tí ó ki ẹsẹ̀ burúkú bọ omi wa.” Àwọn ọmọdé a sì dáhùn pé, “A kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.”

Ìyá Alásẹ́ nìkan ni ó mọ̀ pé kì í ṣe Ọdẹ́jìnmí. Òun ni ó di ojú egbò ẹni tí ó ṣe é. Iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà á láyè láti tú àṣírí aláìsàn, nítorí náà ó pa ẹnu mọ́. Nígbà tí ẹni náà kú, tí òun pẹ̀lú ti di arúgbó, ó kéde pé òun ṣetán láti sọ òtítọ́. Àwọn àgbà Abà Arère ní àwọn kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Wọ́n ní kí a kọ gbogbo ìtàn náà sílẹ̀, láti abúlé kìn-ín-ní dé ìkeje, kí a kà á sí Ìyá Alásẹ́ létí, kí ó sì fọwọ́ sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tí ó bá gbọ́. Bí àwọn bá rí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀, àwọn yóò yọ orúkọ ọdẹ náà kúrò lẹ́nu ní ọjọ́ ìtọ́jú odò tí ń bọ̀.

Ìyá Alásẹ́ gbà. Ó ní òun kò ní dárúkọ ẹni náà ṣáájú àkókò.

“Bí mo bá sọ ọ́ lónìí,” ni ó wí, “kí oòrùn ọ̀la tó yọ, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ti kúnlẹ̀ sí pálọ̀ mi. Ọjọ́ tí a bá kà á dé ibẹ̀ ni n ó sọ ọ́, n ó sì fọwọ́ sí i lójú kan náà.”

Olùkọ́ ìṣirò ni wọ́n yàn láti kọ ìtàn náà. Ó lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ Sátidé lọ́dọ̀ ìyá náà, ó sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kún ìwé àjákọ mẹ́rin. Ohun gbogbo wà níbẹ̀ àfi orúkọ kan yẹn. Ohun tí ó kù kò ju kí ó tò wọ́n, kí ó sì kọ wọ́n ní ìtàn tí a lè kà.

Nígbà náà ni dókítà wí fún ọmọbìnrin Ìyá Alásẹ́ pé iyè ìyá rẹ̀ ń ṣá, àti pé kò sí oògùn tí yóò dá a dúró. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá kí ọjọ́ ìtọ́jú odò pé. Òwúrọ̀ ni iyè ìyá náà máa ń já gaara jù. Ní àkókò yẹn, òwúrọ̀ mẹ́fà nínú ọ̀sẹ̀ kan ni ó máa ń mọ́ fún un. Gbogbo wọn ni ó mọ̀ pé iye yẹn yóò máa dínkù. Kò sí ẹni tí ó mọ bí yóò ti yá tó.

Fi iye náà sọ́kàn, nítorí pé olùkọ́ ìṣirò kò fi í sọ́kàn.

Ó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó kọ gbólóhùn kan, ó kà á, kò wù ú, ó pa á rẹ́. Ó tún òmíràn kọ. Ó rò pé bóyá ìrísí lẹ́tà ni kò dára, ó sì yí i padà lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí ó bá fẹ́ mọ ọdún kan, yóò wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láti ibẹ̀ yóò bọ́ sí ohun mìíràn, wákàtí kan yóò sì ti lọ. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn, ohun tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́ ń dún nínú kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú. Gbólóhùn kan wà tí ó sọ bí Ìyá Alásẹ́ ṣe gun kẹ̀kẹ́ wọ abúlé kìn-ín-ní ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ìrì ṣì wà lórí koríko. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi tún gbólóhùn náà ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú ìwé kan àti ààbọ̀ ni ó ní.

Ọmọbìnrin Ọdẹ́jìnmí jẹ́ aránṣọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní iwájú ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà. Bí olùkọ́ bá ń kọjá, yóò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

“Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti dé Abà Arère?”

“Ó kù díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Díẹ̀ yẹn náà ni ẹ wí níjẹta. Ṣé díẹ̀ yín ń bí ọmọ ni?”

Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí ó wí i, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ kejì, olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ọgbà wọ ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí wáyà ti já.

Obìnrin kan wà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ẹ̀dá alààyè. Ó rí i ní yàrá àwọn olùkọ́, tí ó tẹjú mọ́ ìlà kan fún ìgbà pípẹ́.

“Ọ̀gá, ẹ̀yin àti gbólóhùn yìí, ẹ̀ ń jà ni?”

“Kò tíì tọ́ ni.”

“Ta ní ní kí ó tọ́? Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan sínú kọ̀ǹpútà yín.”

Ètò ìkọ̀wé kan ni. Bí a bá ṣí i, yóò bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. A kò ní rí aago, a kò ní rí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni rán. Ìrísí lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó ní. Kò fi àmì pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀, kò sì sí bọ́tìnnì kankan láti tẹ̀. Ojú ìwé funfun ni, ọ̀rọ̀ dúdú, kò sí ohun mìíràn. Obìnrin náà ṣàlàyé pé a kò ṣe é fún ìwé tí ó ti parí. A ṣe é fún àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan, kí ohun tí ó wà lọ́kàn ènìyàn lè jáde tán kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lẹ́jọ́.

Olùkọ́ lò ó ní ọjọ́ kan. Ó kọ ojú ìwé méjì láàárín wákàtí méjì. Nígbà tí ó kà á, ẹ̀rù bà á. Gbólóhùn kan kò ní orí, òmíràn kò ní ìrù. Ó sọ abúlé kejì ṣáájú ìkìn-ín-ní. Kò rántí pé òun kò kọ ojú ìwé méjì lóòjọ́ rí láti ìgbà tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe nìkan ni ó rí. Ó pa ojú ìwé méjèèjì rẹ́, ó sì wí fún ara rẹ̀ pé bóyá ètò mìíràn wà tí ó sàn ju èyí lọ.

Ó wá a. Ó rí mẹ́sàn-án. Ọ̀kan ń fi ìlà tí ènìyàn ń kọ lọ́wọ́ nìkan hàn, ó ń bo ìyókù. Ọ̀kan ń dún bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́. Ọ̀kan kì í gbà kí a pa lẹ́tà kankan rẹ́. Òmíràn tún le ju gbogbo wọn lọ: bí ọwọ́ bá dúró ju bí ó ti yẹ lọ, yóò pa gbogbo ohun tí a ti kọ rẹ́. Olùkọ́ ya àtẹ kan. Ó to àwọn ètò mẹ́sàn-án sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó to ìdíwọ̀n méjìlá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Èyí fún un ní ibi méjìdínláàádọ́fà láti fi máàkì sí. Kí ìdíje náà lè jẹ́ òdodo, gbólóhùn kan náà ni ó ń tẹ̀ nínú ètò kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn kẹ̀kẹ́ ni.

Ọ̀kan nínú àwọn ètò náà a máa ti kọ̀ǹpútà pa, kì í sì í ṣí i títí ènìyàn yóò fi kọ ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀. Olùkọ́ ronú sí i. Ní ọjọ́ kejì ó tẹ “omi”, ó ṣe àdàkọ rẹ̀, ó tún àdàkọ náà ṣe, ó sì rí i pé ìgbà mẹ́wàá péré ni òun ní láti máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì kí ó tó lé ní ẹgbẹ̀rún. Kọ̀ǹpútà ṣí. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ti yanjú àdììtú kan. Ó sáré lọ fi han olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá alààyè pẹ̀lú àtẹ rẹ̀.

Obìnrin náà wo àtẹ náà títí.

“Ọ̀gá,” ni ó wí, “mo ní kí ẹ lò ó. N kò ní kí ẹ fún un ní máàkì.”

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni àtẹ náà gbà. Má ṣe rò pé ó ń ṣeré ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ó ń ṣiṣẹ́ ni, ó sì ń rẹ̀ ẹ́. Àyà rẹ̀ ń já bí ó bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ níbikíbi. Èyí ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro: ẹni tí ó ń sá fún iṣẹ́ kan nípa ṣíṣe òmíràn kì í mọ̀ pé òun ń sá.

Nígbà tí ó pé ogójì ọjọ́ tí dókítà ti sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin Ìyá Alásẹ́ pè é lórí fóònù. Ó ní òwúrọ̀ mẹ́rin péré ni ó mọ́ fún ìyá òun ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó bẹ̀ ẹ́ pé ohunkóhun tí ó bá ní, kí ó gbé e wá.

Ojú ìwé mẹ́ta ni ó ní, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ tónítóní. Àwọn ìwé àjákọ náà wà nílé pẹ̀lú. Ó lè kó wọn dání, kí ó máa kà wọ́n bí wọ́n ti rí. Ṣùgbọ́n a ti kọ́ ọ láti kékeré pé a kì í gbé iyán oníkókó síwájú àgbà. Ó rò pé ìwà àrífín ni kí òun ka ohun wúruwùru sí ìyá náà létí. Ojú ìwé mẹ́ta náà nìkan ni ó mú lọ.

Ìyá Alásẹ́ jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Òwúrọ̀ yẹn mọ́ gaara. Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìyá náà gbé ọwọ́ sókè.

“Dúró níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ wo?”

“Kẹ̀kẹ́ tí ẹ gùn wọ abúlé kìn-ín-ní, Mà.”

“Èmi? Kẹ̀kẹ́? N kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé mi! Ẹsẹ̀ mi méjèèjì yìí ni mo fi rìn. Akọ̀wé tí wọ́n fi tẹ̀ lé mi ni ó gun kẹ̀kẹ́, òun àti kẹ̀kẹ́ sì jọ já sí kòtò ni.” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ó dùn létí ṣá o. Irọ́ tó dùn ni.”

Olùkọ́ rántí ọjọ́ mẹ́rin tí ó fi tún gbólóhùn náà ṣe. Kò lè rẹ́rìn-ín.

“Ó dáa, ka èyí tó kù,” ni ìyá náà wí.

“Èyí nìkan ni mo tíì tún ṣe, Mà. Ìyókù kò tíì yẹ fún etí yín.”

Ìyá náà gba ojú ìwé mẹ́ta náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé wọn sórí itan. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rín níbẹ̀ mọ́.

“Olùkọ́, ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ àwọn obìnrin abúlé ni pé kí wọ́n pọn omi wálé ná, kí wọ́n tó fi aṣọ sẹ́ ẹ sínú ìkòkò. Ìyàwó kan wà ní abúlé kẹta tí ẹ̀rù sòbìà bà kọjá ààlà. Ó mú aṣọ dání lọ sí etí odò, ó ń sẹ́ omi náà ní ife kọ̀ọ̀kan, ó ń wò ó sí oòrùn, ó ń tún un sẹ́. Nígbà tí ó máa padà délé, omi tí ó gbé kò kún ìdajì ìkòkò, ọmọ rẹ̀ sì ti lọ mu omi àgbàrá nítorí òùngbẹ. Omi tí o kò tíì pọn ni o ń sẹ́. Àṣìṣe rẹ ni mo fẹ́ gbọ́. Èyí tí ó tọ́, ṣé kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ fún ọ?”

Olùkọ́ padà sílé. Ó ṣí ètò àkọ́kọ́ tí obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un. Kò bi ara rẹ̀ bóyá òun ni ó dára jù. Ó gbé ìwé àjákọ sí ọwọ́ òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Níbi tí kò bá dá a lójú, ó kọ “n kò mọ èyí”, ó sì ń bá a lọ. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀jù, ó jẹ́ kí ó pọ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá fẹ́ padà sẹ́yìn láti tún ìlà kan ṣe, ó ń rí ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ. Ojú ìwé mẹ́ta ni ó ń kọ lójúmọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìtàn náà parí. Ó jẹ́ ojú ìwé márùndínláàádọ́ta. Abà Arère bẹ̀rẹ̀ ní ojú ìwé kẹrìnlélọ́gbọ̀n. Ní ojú ìwé kejìdínlógójì, ó fi ààyè sílẹ̀ fún orúkọ kan.

Kò dúró kí ó parí kí ó tó máa kà á. Ní gbogbo òwúrọ̀ tí ó bá mọ́ fún Ìyá Alásẹ́, ó ń ka ojú ìwé méjì sí i létí kí ó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Agbára ìyá náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń dá a dúró, ó ń bá a wí, ó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó sì ń fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bírò tí ọmọbìnrin rẹ̀ bá a dì mú. Iṣẹ́ náà ń lọ. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ń dínkù. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, òwúrọ̀ mẹ́rin ni ó mọ́. Ní èkejì, mẹ́rin. Ní ìkẹta, mẹ́ta. Lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà méjì.

Ẹ̀rù ba olùkọ́. Ní òwúrọ̀ kan tí ó mọ́, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn fo iwájú lọ sí Abà Arère. Ìyá náà mi orí.

“Ojú ọ̀nà ni mo fi ń rántí nǹkan báyìí. Bí mo bá fo ọ̀nà, n ó sọnù. Máa kà á bọ̀.”

Olùkọ́ gbìyànjú ní àwọn òwúrọ̀ tí kò mọ́. Ó ka ojú ìwé kejìdínlógójì dé ibi ààyè náà, ó sì dúró. Ní ọjọ́ kan ìyá náà dárúkọ ẹnìkan. Ní ọjọ́ kejì ó dárúkọ ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ kẹta ó tẹjú mọ́ olùkọ́, ó ní òun mọ ẹsẹ̀ rẹ̀, òun ni òun di egbò rẹ̀, kí ló dé tí ó wọ inú odò? A kò tíì bí olùkọ́ ní ọdún náà. Ọmọbìnrin ìyá náà jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń sunkún. Nígbà tí iyè ìyá náà padà díẹ̀, wọ́n fi orúkọ méjì àkọ́kọ́ hàn án. Kò fọwọ́ sí èyíkéyìí nínú wọn.

“A ti fi irọ́ lé ẹnìkan kúrò nílé rí,” ni ó wí. “N kò ní fi ọwọ́ ara mi lé ẹlòmíràn.”

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, òwúrọ̀ kan ṣoṣo ni ó mọ́. Wọ́n ka ojú ìwé kan, ìkọkànlélọ́gbọ̀n. Ó fọwọ́ sí i. Ó ní ó ti rẹ òun, kí ó di ọ̀la. Nígbà tí ọ̀la dé, kò mọ olùkọ́ mọ́, kò sì tún mọ̀ ọ́n mọ́ láti ọjọ́ náà lọ.

Ọjọ́ ìtọ́jú odò pé. Olùkọ́ gbé ìwé náà fún àwọn àgbà Abà Arère. Wọ́n fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú.

“A rí ọwọ́ Ìyá Alásẹ́ dé abúlé karùn-ún,” ni àgbà abúlé wí. “Tiwa dà?”

Olùkọ́ ṣí ojú ìwé kejìdínlógójì, ó sì na ìka sí ààyè tí ó wà níbẹ̀.

“Olùkọ́, a kò lè fi ààyè òfìfo pa orúkọ ènìyàn rẹ́.”

Àgbà náà dìde ní etí odò, ó sì wí fún àwọn ọmọdé pé kí wọ́n má ṣe bí Ọdẹ́jìnmí, tí ó ki ẹsẹ̀ burúkú bọ omi wọn. Àwọn ọmọdé dáhùn pé àwọn kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Aránṣọ náà wà láàárín àwọn obìnrin tí ń ro koríko, bí ó ti máa ń wà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Kò sunkún. Ó wá bá olùkọ́ níbi tí ó dúró sí.

“Ojú ìwé mélòó ni ó kù kí ẹ dé ọ̀dọ̀ bàbá mi?”

“Méje, Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Méje,” ni ó wí. Ó sì padà sí ìdí koríko tí ó ń ro.

Ojú ìwé méje, ní méjì méjì, jẹ́ òwúrọ̀ mẹ́rin. Olùkọ́ ti ṣe ìṣirò yìí. Ó tún mọ̀ pé ní ogójì ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí ó ń tún gbólóhùn kẹ̀kẹ́ ṣe, tí ó sì ń fi máàkì sí àtẹ, òwúrọ̀ tí ó mọ́ fún ìyá náà lé ní ọgbọ̀n. Mẹ́rin péré nínú wọn ni ó nílò. Ó yẹ ìdáhùn náà wò lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó tọ́.

Nísinsìnyí, ìwọ tí o jókòó níwájú mi. O wá bi mí pé nínú àwọn ètò ìkọ̀wé tí kì í jẹ́ kí ọkàn pínyà, èwo ni ó dára jù fún àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. N kò bínú sí ìbéèrè náà. Àwọn ètò wọ̀nyí dára. Wọ́n lè bo aago mọ́lẹ̀ kí o má wò ó. Wọ́n lè dí ẹnu àwọn tí ń pè ọ́. Wọ́n lè mú ọwọ́ rẹ kúrò lórí ìlà àná. Ohun kan wà tí kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó lè ṣe: kò lè dí ọ lọ́wọ́ kí o má sọ òun fúnra rẹ̀ di iṣẹ́. Ọdún kan ni o ti sọ fún mi pé o fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lónìí o mú orúkọ ètò mẹ́fà wá, o sì mọ ìyàtọ̀ wọn ju bí mo ti mọ̀ ọ́n lọ. Ojú ìwé kan kò sí lọ́wọ́ rẹ.

O ní ohun tí o kọ kò tíì yẹ fún ojú ẹnikẹ́ni. Mo gbà. Kò ní yẹ. Ohun tí a kọ́kọ́ kọ kì í yẹ, iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó wà, kí ẹni tí ó mọ̀ jù ọ́ lọ lè rí ibi tí yóò ti sọ pé, “Kẹ̀kẹ́ wo?” Ẹni náà wà. Gbogbo ohun tí ó yẹ ní kíkọ ni ó ní ẹnìkan tí ń dúró dè é, yálà láti tún un ṣe, tàbí láti rí orúkọ rẹ̀ gbà padà nínú rẹ̀. O kò mọ iye òwúrọ̀ tí ó kù fún olúwarẹ̀. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n.

Mo rí i pé o ti yọ bírò, o ń dúró kí n dárúkọ ètò kan kí o lè kọ ọ́ sílẹ̀. N kò ní dárúkọ kankan. Ṣùgbọ́n má dé bírò náà. Bírò nìyẹn lọ́wọ́ rẹ, ìwé sì nìyí lórí tábìlì mi. Fa àga náà mọ́ra, kí o sì kọ gbólóhùn tí ó burú jù nínú gbogbo èyí tí ó wà lọ́kàn rẹ. N ó jókòó tì ọ́ títí ìkejì rẹ̀ yóò fi tẹ̀ lé e.